Ọjọ́ Mẹ́rìnlélógójì: Ìyanṣẹ́lódì Ọdún 1945 àti Àwọn tí Ó Gbé Òṣìṣẹ́ Ró

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ìyanṣẹ́lódì ńlá tí ó mi ilẹ̀ Nàìjíríà tìtì ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ ìwé ni yóò fà á lọ́wọ́ lọ sí ọgbà Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí òòlù ti ń dún lórí owú láti òwúrọ̀ títí di ọjọ́rọ̀. Wọn yóò fi Michael Imoudu hàn án, wọn yóò ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún un, wọn yóò sì ròyìn ohun tí Gómìnà sọ àti ohun tí òṣìṣẹ́ fi dá a lóhùn. Kò sí irọ́ nínú ohun tí àwọn ìwé wọ̀nyí ń sọ. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní ẹnu ọ̀nà kejì, èyí tí ó wà ní ọjà Eréko ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láàárín àwọn obìnrin tí ń ta ẹja àti gàárì. Bí a kò bá sì gba ibẹ̀ wọlé, a ó mọ ọjọ́ tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀, a ó mọ ọjọ́ tí ó parí, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ohun tí òṣìṣẹ́ jẹ ní àárín méjèèjì. Ọkùnrin tí kò gba kọ́bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì gbáko, tí ó ní ìyàwó, tí ó ní ọmọ, tí ìyá rẹ̀ àgbà sì ń retí ohun tí yóò fi ránṣẹ́ sílé, kí ni ó fi sẹ́nu? Ta ni ó fún un? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi yìí dáhùn.

Kí á tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí á rántí bí iṣẹ́ ti rí láàárín wa kí ọ̀nà irin tó là ilẹ̀ wa já. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kún a máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá àáró: wọn a ṣe tirẹ̀ lónìí, òun náà a sì bá wọn ṣe tiwọn lọ́la. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé tàbí tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àna a máa bẹ ọ̀wẹ̀. Yóò pèsè oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀, àwọn tí ó wá yóò ṣiṣẹ́, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò sì fi ayọ̀ túká. Ìwọ̀fà pàápàá, bí ipò rẹ̀ kò tilẹ̀ wu ènìyàn, mọ ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún olówó rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti ṣe é tán, ìyókù ọjọ́ di ti ara rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní ẹgbẹ́, ahunṣọ ní ẹgbẹ́, aláró ní ẹgbẹ́, ìpàdé ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ti ń fi ẹnu kò lórí ohun tí ó kan iṣẹ́ wọn. Èmi kò wí pé ayé ìgbà náà dùn fún gbogbo ènìyàn, nítorí ẹrú wà, omijé rẹ̀ kò sì tíì gbẹ nínú ìtàn wa títí di òní. Ohun tí mo ń wí ni pé kò sí ẹni tí ń ta wákàtí. Ènìyàn lè ta iṣu, ó lè ta aṣọ, ó tilẹ̀ lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà bí ìṣòro bá ká a mọ́, ṣùgbọ́n kí a fi aago wọn ọjọ́ ayé ènìyàn bí ẹni ń wọn èlùbọ́, kí a sì ka kọ́bọ̀ lé e lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n bá ti wí, àṣà tuntun ni, òyìnbó ni ó sì mú un wá.

Ọdún 1896 ni iṣẹ́ ọ̀nà irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1901, ọkọ̀ náà fọn fèrè wọ Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé. Nígbà tí ó sì fi máa di 1912, ó ti kàn Kánò. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ilẹ̀ Yorùbá gbogbo fi oko bàbá wọn sílẹ̀, wọ́n gbé ṣọ́bìrì àti díígà, wọ́n la igbó, wọ́n ru òkúta, wọ́n sì tẹ́ irin gẹ́gẹ́ bí a ti ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Ní Èbúté Mẹ́ta ni a dá ọgbà ńlá sí, tí a ti ń tún ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ojú irin ṣe, ọgbà tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Lókò. Ògún lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, rí ilé tuntun níbẹ̀, nítorí kò sí ibi mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ yìí tí irin àti iná ti pàdé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó wọ inú ọgbà náà ṣàkíyèsí ohun kan kíákíá: nílé bàbá rẹ̀, ewìrì jẹ́ ti ìdílé, òòlù jẹ́ ti ìdílé, ọkọ́ tí ó bá sì rọ, òun ni yóò dá iye lé e, níhìn-ín, òòlù kì í ṣe tirẹ̀, iná kì í ṣe tirẹ̀, ohun tí ó bá sì rọ kò ní fojú kàn án mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó jẹ́ tirẹ̀, òun náà ni a sì ń dá iye lé fún un. Òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ níbòòji: òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn baba wa, ṣùgbọ́n mo gbà pé inú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti kún jù.

Kò pẹ́ kí ìjà tó dé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1897, Henry McCallum, Gómìnà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Èkó ní ọdún náà, yí àkókò iṣẹ́ àwọn lébìrà ìjọba padà láìbá wọn jíròrò, bí ẹni ń yí ìjókòó padà nínú yàrá ara rẹ̀. Àwọn lébìrà PWD, àwọn tí ń la títì tí wọ́n sì ń kọ́ ilé ìjọba, gbé irinṣẹ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sì fi jókòó sílé. Ẹ jẹ́ kí á ro èyí dáadáa: wọn kò ní ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀, wọn kò ní akọ̀wé, wọn kò ní àpótí owó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni èdè kan náà, àdúgbò kan náà, àti ìmọ̀ àáró tí wọ́n gbé ti oko wá, pé bí a bá fi ẹnì kan sílẹ̀ lóòrùn, oko gbogbo wa ni koríko yóò bò. Gómìnà ní láti bá wọn dúnàádúrà lórí ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Báyìí ni ìyanṣẹ́lódì ṣe wọ ilẹ̀ wa, kì í ṣe láti inú ìwé.

Ẹgbẹ́ tí ó ní ìwé àti akọ̀wé dé lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1912 ni àwọn akọ̀wé ìjọba dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Èkó. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ rẹ̀, dé ní 1931; ní àkókò kan náà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ Rélùwéè kóra jọ, nítorí ohun tí ojú wọn rí nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ọ̀gá Rélùwéè ní kí a má san owó fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́, kí a máa san án ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ronú lè sọ pé kí ni ìyàtọ̀, ṣé kì í ṣe wákàtí náà ni ó ń di ọjọ́ ni? Òṣìṣẹ́ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí a bá ń sanwó fún ọjọ́, ọ̀gá ni ó ru ẹrù ọjọ́ tí iṣẹ́ kò pọ̀. Bí a bá ń sanwó fún wákàtí, òṣìṣẹ́ ni yóò ru ẹrù náà lọ sílé, tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìdí ààrò tí kò ní iná. Ní 1938 ni ìjọba ṣe òfin tí ó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní àyè lábẹ́ òfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1939, ọdún tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀. Àfi bí ẹni pé a ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò ní ọjọ́ tí ìjì ń bọ̀.

Ẹni tí ó gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé ni Michael Imoudu, ọmọ ìlú Ora ní ilẹ̀ Afenmai, tí a bí ní 1902, tí ó tètè di aláìníòbí, tí ó sì wá kọ́ iṣẹ́ yíyí irin lórí ẹ̀rọ nínú ọgbà Èbúté Mẹ́ta. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ Yorùbá gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ara wọn, nítorí òógùn kò ní ẹ̀yà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ jáde láti Èbúté Mẹ́ta, wọ́n gba Ìddó, wọ́n fi ẹsẹ̀ kọjá lórí afárá Carter, wọ́n sì rìn títí dé ilé Gómìnà ní Èkó Akéte. Gómìnà Bernard Bourdillon gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba gbà láti san owó àfikún ọ̀wọ́n ọjà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní COLA. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fa ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kì í bá ọ̀gá jẹun pẹ́: ní 1943, wọ́n lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi òfin ogun tì í mọ́lé ní Benin, kí wọ́n tó ní kí ó máa gbé ní Auchi láìgbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Wọ́n rò pé bí a bá mú igi kúrò nínú iná, iná yóò kú. Wọn kò mọ̀ pé ebi ni ìdáná.

Ẹ wá jẹ́ kí á padà sí ọjà. Ogun ti sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n. Iyọ̀ di ohun tí à ń wá bí oògùn, aṣọ láti òkè òkun kò wọlé bíi ti àtẹ̀yìnwá, ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó kó oúnjẹ ń kó ẹrù ogun. Ìjọba mọ̀ pé bí gàárì bá wọ́n, òṣìṣẹ́ yóò béèrè owó. Kàkà kí ó fi kún owó, ó ní òun yóò dá iye lé gàárì. Láti 1941 ni Captain A. P. Pullen ti gba iṣẹ́ ìdíyelé oúnjẹ yìí ní Èkó, iye tí ó sì ń dá lé ọjà kò tó ohun tí obìnrin tí ó gbé e wá láti ìgbèríko ti ná lé e lórí. Ọjà bá sá wọ inú ilé. Ohun tí a kò rí lórí àtẹ ni a ń rí lábẹ́lẹ̀ ní iye tí ó bani lẹ́rù. Báyìí ni ìjọba ṣe fẹ́ fi igbá obìnrin ọjà dí ẹnu òṣìṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ yóò fi máa bínú sí ẹlẹ́gàárì pé òun ni ó ń fi ebi pa òun, tí ẹlẹ́gàárì yóò sì máa bínú sí òṣìṣẹ́ pé nítorí tirẹ̀ ni ọlọ́pàá ṣe ń dà á láàmú. Bí èyí bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìjà 1945 ì bá ti kú sínú ẹyin.

Ohun tí kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n obìnrin kan tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, ọmọ Àwórì, Mùsùlùmí, ẹlẹ́ja ọmọ ẹlẹ́ja, olórí ọjà Eréko àti aṣíwájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Obìnrin yìí kò ṣàjèjì sí ìjọba. Wọ́n ti tì í mọ́lé rí nítorí pé ó kọ̀ kí a ṣí ọjà Eréko nípò padà, obìnrin Èkó sì yarí títí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ní 1940, òun ni ó ṣíwájú wọn lọ bá àwọn aláṣẹ lórí ọ̀rọ̀ owó orí obìnrin. Nígbà tí Pullen rí i pé òun kò lè dá ọjà dúró láìsí i, ó ní òun yóò máa fún un ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lóṣooṣù bí ó bá lè bá òun mú kí àwọn obìnrin gba iye tí òun ń dá. Pẹlẹ́wùrà kọ̀ ọ́. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn! Lébìrà tí ó ń gba ṣílè kan péré lóòjọ́ yóò ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ̀rún ọjọ́ méjì láìsinmi kí ó tó rí iye náà. Nígbà tí mo bá ro ọ̀rọ̀ obìnrin yìí, mo máa ń rí i pé kì í ṣe ìwé nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ó mọ iye tí orúkọ òun tó, tí ó sì mọ ẹni tí yóò sunkún bí òun bá tà á, ti ka ìwé tí ó ṣòro jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ̀wé: kí owó iṣẹ́ tí ó kéré jù jẹ́ ṣílè méjì ààbọ̀ lóòjọ́, kí a sì fi ìdajì kún owó àfikún ọ̀wọ́n ọjà. Wọ́n ní láti 1942 ni ọjà ti ń gòkè, tí owó wọn sì dúró sí ojú kan. Wọ́n tún tọ́ka sí àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó tí ń gba owó ìtọ́jú ìdílé. Ìjọba dáhùn pé bí a bá fi owó kún owó, ọjà yóò tún wọ́n sí i, nítorí náà kí gbogbo ènìyàn fara dà á kí wọ́n sì dín jíjẹ mímu kù. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí ẹni tí ó ti dín in kù títí tí kò sí ohun tí yóò dín mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní oṣù Karùn-ún, ogun parí ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹnu òṣìṣẹ́ sì gbà á láti béèrè pé: ogun tí a ní kí á torí rẹ̀ fara dà á, ṣé kò tíì tán? Nígbà náà ni wọ́n tú Imoudu sílẹ̀, ó sì wọ Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, tí ogunlọ́gọ̀ sì jáde lọ pàdé rẹ̀ bí ẹni pàdé ọmọ ọba tí ó ti ogun bọ̀. Gómìnà Arthur Richards kò sí nílé. Gerald Whiteley ni ó ń di ipò rẹ̀ mú. Àwọn kan nínú àwọn aṣíwájú òṣìṣẹ́, tí T. A. Bankole jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù díẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀, nítorí ẹni tí ó bá kó ọmọ ènìyàn wọ odò ni a ó bi léèrè wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń ṣe aṣíwájú fún ti kọjá wọn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà mọ́, irinṣẹ́ ti wà nílẹ̀.

Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ wọ́n níyà: bí ọká bá ṣíwájú, tí sèbé tẹ̀ lé e, tí ojòlá sì ń wọ́ ruru bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógún ni ó rìn pọ̀ ní ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó tó ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀, èyíinì ni 30,000, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rélùwéè dá iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ti ìfìwéránṣẹ́ àti wáyà dá a sílẹ̀, PWD, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, gbogbo wọn kawọ́ gbera. Láti Èkó, ó ràn lọ sí ìlú mìíràn ní ojú ọ̀nà irin, títí dé Òkè Ọya. Ìjọba ní ìyanṣẹ́lódì náà lòdì sí òfin, ó ní ẹni tí kò bá padà yóò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, ó ti West African Pilot àti Daily Comet pa, ìwé ìròyìn méjèèjì tí Nnamdi Azikiwe ń fi gbèjà òṣìṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, oṣù kan pé, wọn kò padà.

Níbo ni agbára náà ti wá? Àpótí ẹgbẹ́ kò lè bọ́ ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀ ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ owó inú àpótí nìkan ni wọ́n gbójú lé, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí ebi yóò fi lù wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, èyí sì ni ohun tí àwọn aláṣẹ fọkàn sí. Wọ́n ṣírò gbogbo nǹkan tán, wọ́n gbàgbé obìnrin. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó, lábẹ́ Pẹlẹ́wùrà, dúró ti òṣìṣẹ́: wọ́n dá owó sí àpótí ìrànlọ́wọ́, wọ́n sọ iye oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n sì ń ta àwìn fún ẹni tí kò ní. Àwìn, ẹ̀yin ará, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́nu oníṣòwò! Ẹni tí ó ta gàárì láwìn fún òṣìṣẹ́ tí kò mọ ìgbà tí yóò tún gbowó ti fi owó ìdókòwò rẹ̀ sínú ìjà. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣubú, igbá tirẹ̀ náà ṣófo. Obìnrin kan náà tí a fẹ́ sọ di ọ̀tá òṣìṣẹ́ nítorí iye gàárì ni ó wá bu gàárì fún un. Nínú ilé, ìyàwó òṣìṣẹ́ tí ń ta àkàrà ní ẹnu ọ̀nà, èyí tí ń ta ata lórí àtẹ, èyí tí ń ránṣọ, òun ni gbogbo ilé wá ń wò lójú. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a sì ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó: bí ilé òṣìṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Àwọn mìíràn sì padà sí ìlú wọn, sí oko tí bàbá kò tíì pa tì, wọ́n tún di ọkọ́ mú fún ìgbà díẹ̀.

Òtítọ́ kò ní kí a fi apá kan pamọ́. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ni ó wà lẹ́yìn ìjà yìí. Àdùnní Olúwọlé, oníwàásù, abẹ́lẹ́nu, obìnrin tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ta ko ìyanṣẹ́lódì náà ní gbangba. A kò gbọdọ̀ pè é ní ọ̀dàlẹ̀ nítorí èyí. Ẹni tí ọmọ ń sunkún sí lọ́rùn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé títí di ìgbà wo. Mo sì gbà pé ìbéèrè rẹ̀ pẹ̀lú wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ìtàn yìí wúwo, nítorí ó fi hàn pé dídúró tí àwọn yòókù dúró kì í ṣe àìmọ ìnira. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì rù ú.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ Èkó fi ẹnu kò láti padà, lẹ́yìn tí ìjọba ṣèlérí pé ìgbìmọ̀ ìwádìí yóò wá gbọ́ ẹjọ́ wọn, àti pé a kò ní fìyà jẹ ẹni tí ó yanṣẹ́ lódì. Ní àwọn ibòmíràn, ìjà náà tún pẹ́ díẹ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ náà, tí W. Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1946, ó sì wí pé kí a fi ìdajì kún owó àfikún ọ̀wọ́n ọjà, kí a sì kà á láti oṣù Kẹjọ ọdún 1945. Ohun tí wọ́n ní apá kò ká, apá ká a. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945, oṣù kan lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ìdíyelé oúnjẹ tí Pullen fi ń dà obìnrin ọjà láàmú dópin. Ọ̀pọ̀ òpìtàn kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sí orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé wọn, ti òṣìṣẹ́ níhìn-ín, ti ọjà lọ́hùn-ún; lójú tèmi, ẹjọ́ kan ni, nítorí inú igbá gàárì kan náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìjà náà, Hubert Ogunde, ọmọ Òṣoṣà, ọlọ́pàá tí ó di òṣèré, gbé eré jáde tí ó pè ní Strike and Hunger, ẹni tí kò lè ka àbọ̀ ìgbìmọ̀ sì rí ìtàn ara rẹ̀ lórí ìtàgé.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò dẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu, ènìyàn mọ́kànlélógún sì kú nítorí owó iṣẹ́ tí wọ́n béèrè. Ní 1964, nígbà tí òyìnbó ti lọ tí ọmọ onílẹ̀ ti gorí àlééfà, òṣìṣẹ́ tún ní láti yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ mẹ́tàlá, Imoudu sì tún wà níwájú wọn. Ọ̀pá tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó: àwọ̀ ọ̀gá yí padà, ọ̀rọ̀ kò yí. Imoudu pẹ́ láyé. Ó kọjá ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó kú ní 2005, a sì fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin. Pẹlẹ́wùrà ti ṣíwájú rẹ̀ lọ ní 1951.

Ohun kan ni ó kù tí n kò lè ṣàìsọ. Nínú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ 1945 kọ sí ìjọba, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọkùnrin ní ìyàwó àti ọmọ tí ó ń bọ́, pé owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó bọ́ wọn. Òdodo ni, ẹ̀tọ́ ni wọ́n sì béèrè. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì tí owó náà kò wọlé rárá, ilé kò tú, ọmọ kò kú sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ kò sì padà lọ túúbá. Ìyàwó tí a kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹnu tí ń jẹ ni ó jẹ́ ọwọ́ tí ó ń bọ́ni. Orúkọ Imoudu wà lára ògiri, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ti obìnrin tí ó ta gàárì láwìn fún àwọn òṣìṣẹ́ láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ, tí ó ń fi èédú fa ìlà sára ògiri ilé rẹ̀ kí ó má baà gbàgbé iye tí wọ́n jẹ ẹ́, òjò ti fọ̀ ọ́ dànù láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ kọ ìtàn ìyanṣẹ́lódì náà, kí ó kọ ìlà wọ̀nyẹn pẹ̀lú, nítorí gbèsè ni wọ́n, a kò sì tíì san án tán.